Ọ̀pọ̀lọ́ Inú Agbọ̀n Tíṣà

Lẹ́yìn òmìnira, nínú ọkọ̀ tó ń ti Ìrókò lọ sí Ìbàdàn, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tíṣà sáyẹ́ǹsì kan àti ìyá Aládùúrà kan.

"Tíṣà, kí ló ń fò nínú agbọ̀n yín?"

"Ọ̀pọ̀lọ́ ni, Ìyá. Àwòrán ojú pátákó nìkan làwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa fi mọ ọkàn rẹ̀. Lónìí, a ó la inú rẹ̀, kí wọ́n fojú ara wọn rí i."

Ìyá fa aṣọ funfun rẹ̀ mọ́ra. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti là á rí?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Ojú pátákó ni wọ́n ti kọ́ èmi náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbàdúrà, kí ọwọ́ mi má gbọ̀n."

Ìyá wo agbọ̀n náà. "Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni kí n gbàdúrà fún?"