Sípíkà Ọwọ́ Òsì

Nọ́ọ̀tì kẹta ni mò ń tú lẹ́yìn sípíkà ọwọ́ òsì nígbà tí Hàmdálàt, ọmọ Gbàdàmọ́sí, wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó béèrè ohun tí mò ń tú. Mo ní kí ó jókòó. Mo ní òtítọ́ kan wà tí mo ti gbé mì láti ọdún méjì, inú mi kò gbà á mọ́. Bàbá rẹ̀ ló yẹ kí n sọ ọ́ fún, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mò ń kọ sílẹ̀ yìí. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí. Dókítà ti sọ fún mi pé kò pẹ́ mọ́. Bí mo bá kú láìkọ ọ́, Kamaldeen tó ń ṣiṣẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi nìkan ni yóò mọ̀ nínú ẹgbẹ́ àwa tí a ń gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, kò sì ní sọ.

Káfíńtà ni mí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá sí Bàrígà, àpótí sípíkà ni mo sì ti ń kàn láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú. Àwa bíi mélòó kan wà tí a fẹ́ràn ohùn rẹ́kọ́ọ̀dù. Ọ̀sán Sátidé la máa ń pàdé nínú ọgbà mi. Ẹni tó bá ra nǹkan tuntun, ìbáà ṣe ámípù tó ń gbé ohùn sókè, ìbáà ṣe sípíkà, yóò gbé e wá lọ́jọ́ Jímọ̀, yóò fi aṣọ bò ó, yóò sì fi í sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi di ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì a ó ṣí aṣọ kúrò, gbogbo wa á pajú dé, rẹ́kọ́ọ̀dù á kọ ojú kan tán. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni tó dàgbà jù ni yóò kọ́kọ́ sọ ohun tó gbọ́. Ẹni tó ni nǹkan kì í sọ̀rọ̀ rárá. Òfin wa nìyẹn. Èmi ni mo ṣe é, èmi náà ni mo dàgbà jù.

Gbàdàmọ́sí ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Kì í wò ó tó bá ń ṣiṣẹ́. Etí ló fi ń mọ̀ bí bébà bá fẹ́ há, yóò ti pa á kí ó tó há. Ìka rẹ̀ kò mọ ìsinmi. Ìdí nìyẹn tó fi ń ra sípínà, nǹkan pẹlẹbẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń yí lórí ìka. Ọjà Fádèyí ló ti ń rà wọ́n, á tò wọ́n sórí tábìlì wa bí ẹni pàtẹ. Ràmọ́nù, télọ̀ ará Ọbaníkòró, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Àlàájì, ọmọ-ọmọ yín ń wá nǹkan ìṣeré rẹ̀.” Gbàdàmọ́sí á ní, “Sọ fún un kó dúró. Ìwọ tó ra wáyà tó nípọn ju ọrùn ẹsẹ̀ rẹ lọ, ṣé ẹnì kan bú ọ?” A ó rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Gbàdàmọ́sí ra sípíkà méjì, tòkunbọ̀, tó ga dé àyà mi. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, Ràmọ́nù fọwọ́ pa igi rẹ̀. Ó ní, “Bàbá Àkànó, ẹ má bínú o, èyí ni wọ́n ń pè ní àpótí.” Àwàdà ni. Mo rẹ́rìn-ín. Gbàdàmọ́sí ní, “Fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀. Àpótí wọn ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ orin.” Ó gbè mí lẹ́yìn. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ẹni tí wọ́n ń gbè lẹ́yìn ti ṣubú.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo ṣí ẹ̀yìn ti ọwọ́ òsì. Wáyà méjì ló wà nínú rẹ̀, pupa àti dúdú. Mo fi pupa sí ibi dúdú, mo fi dúdú sí ibi pupa, mo dé e padà. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, bí sípíkà kan bá ń tì, èkejì á máa fà. Béèsì, ohùn ìsàlẹ̀ orin, á kú sí àárín wọn. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Mo ní kí Gbàdàmọ́sí tẹ́ lọ́jọ́ kan péré, n ó tún un ṣe. Irọ́ tí mo pa fún ara mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé, rẹ́kọ́ọ̀dù kọ. Ohùn náà dà bí ọbẹ̀ tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo yọ́ lajú. Mo rí Gbàdàmọ́sí tó yí orí sọ́tùn-ún, tó yí i sósì, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Ibẹ̀ ni ohun kejì ti wọ inú mi, èyí tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tó kàn mí láti sọ̀rọ̀, mo ní, “Béèsì yìí ń lù mí láyà.” Ràmọ́nù ní, “Bàbá ti sọ ọ́. Díẹ̀ ló kù kí ògiri wó.” Nítorí pé mo jù ú lọ ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Kamaldeen, tó ń tún ámípù ṣe níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ló kẹ́yìn. Ó wò mí. Ó ní, “Ó dùn.” Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní, “Bàbá, ti òsì ń bá ti ọ̀tún jà.” Mo ní, “Ta ló ni iwájú ṣọ́ọ̀bù tí o ń jókòó sí?” Kò sọ ọ́ mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Gbàdàmọ́sí dá nìkan wá. Ó yí sípínà kan lẹ́bàá etí rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, mo ń gbọ́ èyí bó ṣe ń kùn. Kí ló dé tí n kò gbọ́ béèsì tí gbogbo yín gbọ́?” Àyè ṣí sílẹ̀ fún mi láti jẹ́wọ́. Àwa méjì péré ni. Mo ní, “Ohùn ìsàlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ. O ti pẹ́ jù nídìí ẹ̀rọ.” Ó ní Hàmdálàt fẹ́ mú òun lọ rí dókítà etí. Mo ní, “Kí ni dókítà fẹ́ sọ ju ọjọ́ orí lọ?” Ó mi orí. Ó gbà mí gbọ́.

Ẹni tí etí rẹ̀ ń kú kì í dúró nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹ̀rọ á gé e níka. Kí oṣù náà tó parí, ó ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó sì ti ti ṣọ́ọ̀bù. Ó kó sípíkà méjèèjì wá fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. “Ẹ máa gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ ní etí.” Mo dúpẹ́. Mo fi ẹnu mi dúpẹ́.

Mo dá wáyà padà sí àyè rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Òfin wa ni pé ohun tí wọ́n fi ta ènìyàn lọ́rẹ pàápàá gbọ́dọ̀ kọjá lábẹ́ aṣọ. Mo rò pé Gbàdàmọ́sí kò ní wá. Ó wá. Ó gbé sípínà rẹ̀ lé tábìlì. Rẹ́kọ́ọ̀dù kọ. Béèsì ti ilẹ̀ wá, sípínà ń gbọ̀n lórí tábìlì. Gbàdàmọ́sí lajú. Tèmi ti là. A wo ara wa títí rẹ́kọ́ọ̀dù fi parí. Èmi ni mo ni ín báyìí, òfin ní kí n má sọ̀rọ̀ rárá, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ní, “Bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe rí.” Àwọn irọ́ ìyókù, kò mọ̀ pé irọ́ ni. Èyí, ó mọ̀, mo sì pa á lójú rẹ̀. Ó dìde, ó fi ìka pa nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn sípíkà ọwọ́ òsì wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó mú sípínà rẹ̀. Ó ní, “Ẹ kú ìgbádùn, ẹ̀gbọ́n.” Kò wá mọ́.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, Hàmdálàt kò sunkún. Ó ní, “Ó délé lọ́jọ́ náà, ó ní etí òun kò ṣe nǹkan kan. Mo ní, kí wá ló ṣẹlẹ̀? Ó ní, ‘Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.’ Mi ò mọ ohun tó ń wí. Ó ti yé mi wàyí.”

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ lójú mi. Mo sọ fún un pé wáyà ni mo fẹ́ yí padà sí òdì, kí n má baà gbádùn rẹ̀ mọ́. Ó ní, “Ẹ má tú u, Bàbá. Ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ máa gbọ́ ọ. Àforíjì tí ẹ ń bẹ̀, mi ò tíì ní in lọ́wọ́.” Ó yọ sípínà kan nínú báàgì. Ó ní, “Bàbá mi ló ní kí n gbé e fún yín.” Ó lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kéré sí mi, bí àgbà bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ ṣì sọ ohun tí etí yín gbọ́. Ká ní ẹnì kan já mi nírọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ Gbàdàmọ́sí ì bá máa dún ní Ṣómólú títí di ọjọ́ tó kú. N kò di ẹ̀bi mi lé ẹnikẹ́ni lórí. Ẹ bá mi bẹ Hàmdálàt.

Mo ti dá nọ́ọ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà. Sípíkà méjèèjì wà nínú yàrá mi. Sípínà náà wà lórí ti ọwọ́ òsì.