Òjò Tí Mo Sọ Di Òdo

Nígbà tí irun orí mi ṣì pé, tí mo ṣì ń ka ara mi mọ́ ọ̀dọ́... ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, kí ẹ gbọ́ bí òmùgọ̀ ṣe ń gbọ́n. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé kan níbí, ní Adó. Láràárọ̀, mo máa ń wo ike tí a fi ń wọn òjò lẹ́yìn kíláàsì, màá kọ ohun tí mo bá rí sínú ìwé. Ọdún gbọọrọ ni mo fi ṣe é. Ta ló rán mi? Kò sẹ́ni tó rán mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, àgbẹ̀ ni ní Ìjàn. Ó ní, "Adé, gbogbo òjò tí o ń kọ sílẹ̀ yìí, kí ló ń sọ? Ìgbà wo ni kí n gbin àgbàdo?"

Inú mi dùn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kọ̀ǹpútà ni, mo ti ń kọ́ Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, fúnra mi. Mo to òjò náà sórí àtẹ nọ́ńbà, ọdún kan sí ìlà kan. Àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò kan wà tí wọ́n ń pè ní NumPy. Ẹ kàn máa pe orúkọ irinṣẹ́ ni, á ṣiṣẹ́ lórí gbogbo nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kan. Mo pe "mean", èyí tó ń wá ìpíndọ́gba òjò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Kí ni mo rí? "nan", "nan", "nan"... Ohun tí kọ̀ǹpútà ń kọ síbi tí kò bá sí nọ́ńbà nìyẹn. Ọjọ́ tí mi ò bá wọn òjò, òfo ni mo fi sílẹ̀. Òfo kan ṣoṣo sì ti tó láti ba ìpíndọ́gba ọjọ́ náà jẹ́.

Lóde òní, ẹ ó bi fóònù, á dá yín lóhùn bí ènìyàn. Nígbà yẹn, orúkọ irinṣẹ́ lọ rẹrẹ bí ewé oko. Ẹni tí kò mọ orúkọ ohun tó ń wá, báwo ló ṣe fẹ́ rí i? Rísíkátù wà, ọmọ télọ̀ kan ládùúgbò Fájuyì, tó ti ń fi kọ̀ǹpútà jẹun. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Bùnmi, ẹ bi ọmọ yẹn." Èmi? Ọmọ tí mo kọ́ ní ìṣirò? Mo wá a fúnra mi. Mo rí ọ̀kan tó ń jẹ́ "nan_to_num", ó ń sọ gbogbo "nan" di òdo. Ẹ gbọ́, mo jó yí tábìlì ká...

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé òjò oṣù kẹrin kò tó nǹkan, kó dúró di ìparí oṣù karùn-ún. Ó gbà mí gbọ́. Tíṣà ni mí, àbí? Àwọn tí oko wọn bá tirẹ̀ pààlà gbin tiwọn lóṣù kẹrin. Nígbà tí tiwọn ti yọ ọmọ, tirẹ̀ kò kọjá orúnkún. Ọ̀dá oṣù kẹjọ dé, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ gbẹ.

Ìgbà yẹn ni mo tó gbé kọ̀ǹpútà lọ bá Rísíkátù. Ó wò ó.

"Sà, ìgbà wo lẹ kì í wọn òjò?"

"Ìgbà ọlidé Àjíǹde. Mo máa ń lọ kí ìyá ìyàwó mi."

"Oṣù kẹrin nìyẹn, sà. Òjò ń rọ̀, ẹ kò sí nílé, ẹ wá kọ òdo síbẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé òfo kì í ṣe òdo."

Ó tẹ "nanmean". Irinṣẹ́ náà ń fo àwọn òfo, ọjọ́ tó ní nọ́ńbà nìkan ló ń bá ṣírò. "Nan" níwájú, "mean" lẹ́yìn... ọ̀rọ̀ méjì tí mo ti ń wò látọjọ́ yìí. Ọlidé kì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà lọ́dọọdún, nítorí náà ọdún mìíràn dí àlàfo fún ọdún tó sófo. Òjò oṣù kẹrin jáde rẹpẹtẹ.

Mo lọ sí Ìjàn, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní:

"Adé, ulé ìwé yín ló lọ ọlidé. Òjò kò lọ."

Ó na ọkọ́ sí mi. Mo bá a ro oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ní gbogbo Sátidé títí ọwọ́ tíṣà fi bó. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, mo mú ọjọ́ ìgbìn tuntun lọ fún un. Kò tilẹ̀ wo ìwé ọwọ́ mi. Ó ní, "Ṣé Rísíkátù ti rí i?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa bi ẹni tó mọ̀. Ó sàn kí ọmọ tí ẹ kọ́ fi yín rẹ́rìn-ín, ju kí àgbàdo ẹni ẹlẹ́ni gbẹ lórí ìdúró.