Ọkọ Mi Ò Ṣẹ̀ Mí, Síbẹ̀ Mò Ń Yàn Án Lódì

Ẹ bá mi gbọ́ o. Ọkọ mi ò fi nǹkan kan ṣẹ̀ mí, síbẹ̀ ọdún mẹ́fà ni mo fi jẹ ẹ́ níyà. Tíṣà ni mí ní Surulere. Iṣẹ́ rélùwéè tí ọkọ mi ń ṣe ní Èbúté Mẹ́ta máa ń gbé e lọ sí Kaduna. Bó bá ti gbé báàgì báyìí, àyà mi á máa lù kìkì. Bó bá sì dé tayọ̀tayọ̀, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo máa fi yàn án lódì! Kí ló fà á? Èmi gan-an ò mọ̀.

Lọ́jọ́ tó ní, "Ìyá Bọ́lá, ó ti sú mi, bí mo bá tún lọ, n ò ní í padà mọ́," mo ṣubú lulẹ̀. Wọ́n yẹ ọkàn mi wò lọ́sibítù kan ní Ìdí-Àràbà, wọn ò rí àrùn kankan. Wọ́n wá ní kí n lọ rí dókítà obìnrin kan tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú èèyàn. Mo rò pé wọ́n ń pè mí ní wèrè ni.

Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. "Ta ló pọ̀n yín nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré?"

Ìyá ìyá mi ni, n'Iléṣà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí ìyá mi wá mú mi wá sí Mushin. Wọ́n ní màmá àgbà ń bọ̀ lẹ́yìn. N ò fojú kàn wọ́n mọ́ títí wọ́n fi kú.

Dókítà ṣàlàyé pé kí ọmọdé tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ ni ọpọlọ rẹ̀ ti ń kọ́ ọ bóyá ẹni tó lọ máa padà. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo ní, "Ṣé kò ti pẹ́ jù báyìí?" Ó ní, "Rárá. Ọpọlọ àgbàlagbà ṣì lè kọ́ nǹkan tuntun. Ara èèyàn lẹ ti kọ́ ìbẹ̀rù, ara èèyàn náà lẹ ti máa kọ́ ìfọ̀kànbalẹ̀."

Nígbà tó yá, dókítà gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ tó ní kí n padà wá, mo jókòó sílé, inú ń bí mi pé ó fi mí sílẹ̀ lọ. Àfi bí mo ṣe bú sẹ́rìn-ín lójijì: ohun tí mò ń fi ojú ọkọ mi rí rèé! Mo wọ bàtà, mo lọ. "Mo ti ń retí yín," ló wí. Ẹkún ni mo sun.

Nígbà tí ọkọ mi tún fẹ́ rìnrìn àjò, mo sọ òótọ́: "Bàbá Bọ́lá, ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ ò ní í padà." Ó gbé báàgì sílẹ̀. "Kí ló dé tó ò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?" Nígbà tó dé, ọjọ́ kan péré ni mo fi yàn án lódì.

Mo wá lọ bi ìyá mi ìdí tí wọ́n fi tàn mí. "Bí wọ́n ṣe mú èmi náà kúrò lọ́dọ̀ ìyá mi nìyẹn," ni wọ́n wí.

Ẹ̀yin abiyamọ, bí ẹ bá ń jáde, ẹ má yọ́ lọ mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó sunkún lójú yín, kẹ́ ẹ sì sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa dé fún un.