Apá Ìrànwọ́ tí Mo Yọ Kúrò Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ara tù mí nílé, èmi àti ìyàwó mi kò jà. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ó gbèjà mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, lórí ohun tí mo jẹ̀bi rẹ̀ gan-an.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Ìgbó-Ọrà. Èmi ni mo máa ń da ètò ìtẹ̀wé sórí ẹ̀rọ fún àwọn ọ́fíìsì àti ilé ẹ̀kọ́, láti Èrúwà títí dé Igangan. Ètò náà ní apá púpọ̀, àyè inú ẹ̀rọ ìgbà náà sì kéré. Mo wá ṣa èyí tí gbogbo èèyàn máa gbà. Mo fi ìtẹ̀wé àti ìṣirò sí i. Mo yọ géèmù. Mo yọ apá ìrànwọ́, ìyẹn èyí tó ń ṣàlàyé lójú ẹ̀rọ bí iṣẹ́ bá dojú rú. Títí dé ibẹ̀, n kò ṣẹ̀.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tí àyè rẹ̀ pọ̀ dé. Ó yẹ kí n dá apá ìrànwọ́ padà. Ṣùgbọ́n Mùínátù, akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìdèrè, ti ń gun ọ̀kadà wá bi mí ní ìbéèrè ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Ó rẹwà, ẹ̀rín rẹ̀ sì dùn. Bí ẹ̀rọ bá ń dá a lóhùn, kí ló tún ń wá dé ọ̀dọ̀ mi? Mo bá ń yọ apá ìrànwọ́ náà lọ. Ohun tí n kò bá fi sí i, ta ló fẹ́ mọ̀ pé ó wà?

Ohun kan náà ni mò ń fún gbogbo èèyàn, nítorí náà àwọn ará ìlú Tápà tí n kò fẹ́ fẹ́ náà ń wọ mọ́tò wá. Bàbá àgbà kan tó jẹ́ akọ̀wé níbẹ̀ tiẹ̀ máa ń gbé iṣu wá dúpẹ́. Mo jẹ iṣu náà. Ojú ń tì mí báyìí.

Mo fẹ́ Mùínátù, ó bí Ràfíù, a sì ń gbádùn ara wa. Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí àgùnbánirọ̀ kan gbé odindi ètò náà dé ọ́fíìsì Mùínátù. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, àlàyé jáde. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní irú ọ̀gá wo ló kọ́ yín tí kò mọ èyí?

"Má fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ níbí o!" ni ìyàwó mi dá a lóhùn. "Sùúrù ló fi kọ́ mi!"

Nígbà tó délé, ó rọra sọ fún mi pé, "Bàbá Ràfíù, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ẹ ò mọ̀ ni." Ó bu ẹran kún ọbẹ̀ mi. Mo jẹ ẹran náà.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá dákẹ́, yóò máa gbèjà mi kiri Ìbàràpá. Ìyàwó mi gbà pé òpè ni mí, ó sì fẹ́ràn mi bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n wá sọ fún un pé mo gbọ́n?