Ọkọ́ Jàríátù

Ẹ̀yin ará Kambolé, ẹ̀yin tí ẹ mọ ohùn mi ju bí ẹ ti mọ ojú mi lọ, èmi Bàṣírù tí mo máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti físíìkì nínú rédíò ní Sokodé, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi tí mi ò fẹ́ gbé wọ sàréè. Ó ti pé ọdún méjìdínlógún tí mo ti ń gbé e kiri. Ìyàwó mi Hàjàrá kú nínú ààwẹ̀ tó kọjá, kò gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ẹ̀yin ẹ gbọ́ ọ.

Líséè Sokodé, ilé ẹ̀kọ́ girama, ni mo ti kọ́ físíìkì, mi ò sì kàwé kọjá ibẹ̀. Nígbà tí ilé rédíò ń wá ẹni tí yóò máa fi èdè wa ṣàlàyé bí nǹkan ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni wọ́n mú. Mo sọ ìdí tí ọmọrí ìkòkò fi ń fò bí omi bá ń hó, ìdí tí dínámò kẹ̀kẹ́ fi ń tan iná, ìdí tí afárá fi ń gba ọkọ̀ tó kún fún iṣu láì wó. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ ní Tchamba, àwọn awakọ̀ a máa pariwo pé, "Mùsé Bàṣírù, ẹ wọlé o! A kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó mọ ìdí àrá!" Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi ju bó ti yẹ lọ.

Ẹ mọ àṣà wa. Bí òjò bá ṣú mọ́ wa lóko, ńṣe là ń ju ọkọ́ sílẹ̀, a ó bọ́ sínú poro láàárín ebè, a ó lóṣòó, a ó sì tẹ orí ba títí àrá yóò fi kọjá. Mo fi àṣà yìí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú rédíò. Mo ní, "Ṣé ejò ni yín ni, tí ẹ fi ń wọ́ nínú poro? Wọ́n ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tuntun fún yín, ọ̀pá irin wà lórí rẹ̀. Bí àrá bá bọ́ sórí ọ̀pá náà, wáyà bàbà ni yóò gbà wọ inú ilẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ sá lọ." Ẹ rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, mo ti kà á nínú ìwé pé ẹni tó bá lóṣòó sí ibi tó rẹlẹ̀ ṣe ohun tó dára. Mo fi ìyẹn pamọ́, nítorí pé yẹ̀yẹ́ náà ń mú kí àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún mi.

Àkànjí, ọ̀gá bíríkìlà, ló gba iṣẹ́ kíkọ́ ilé náà. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí àwọn ènìyàn ńlá Ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba wá ṣí i, mo lọ wò ó. Mo rí i pé wáyà bàbà náà sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri dé ibi tó tó èjìká ènìyàn, ó sì parí síbẹ̀.

Mo ní, "Àkànjí, èyí kò dé ilẹ̀ o."

Ó ní, "Bàbà ti tán, Mùsé. Ìyókù bá àwọn ọ̀gá lọ sílé wọn."

"Àrá yóò pa ènìyàn níbí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo máa fi sìmẹ́ńtì bò ó, ojú kò ní rí i. Ṣùgbọ́n bó bá wù yín, ẹ dìde lọ́jọ́ ìṣílé, kí ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ Ẹgbẹ́ kò dára. Èmi á máa gbé oúnjẹ wá bá yín lẹ́wọ̀n."

Mo bá ọ̀nà mi lọ. Ẹ̀rù bà mí lóòótọ́, gbogbo yín sì mọ irú ìgbà tí a wà nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kọ́ ló mú mi gba gbohùngbohùn lọ́jọ́ ìṣílé, tí mo nàka sí orí òrùlé, tí mo ní kò sí ibi tó dára láti sá sí nígbà àrá tó abẹ́ ilé yìí. Ìyìn ni mo ń wá.

Ní ọdún kejì, àwọn obìnrin ìlú ń ro oko iṣu ilé ẹ̀kọ́ náà. Ìyá ìyàwó mi, Tàwàkálítù, wà níbẹ̀ pẹ̀lú Jàríátù, àbúrò Hàjàrá, ọmọbìnrin tí kò ì tí ì lọ́kọ. Èmi náà wà níbẹ̀, mo dúró ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń gba ohùn àwọn tíṣà sílẹ̀. Òjò ṣú. Àwọn àgbà bọ́ sínú poro. Jàríátù ju ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń sáré bọ̀.

Ìyá rẹ̀ kígbe láti inú poro, "Jàríátù! Ọkọ́ rẹ o! Tuntun ni, má fi sílẹ̀ fún òjò!"

Ó dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín, "Ìyá, ọkọ́ kì í ṣe iyọ̀!"

Ó ṣáájú àwọn ọ̀dọ́ yòókù dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ibi tí wáyà wà gan-an lábẹ́ sìmẹ́ńtì. Ó rí mi, ó sì júbà mi gẹ́gẹ́ bí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àrá sán. Àwọn tíṣà ti wọ kíláàsì, òjò sì bo ojú àwọn tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn; èmi nìkan ni mo rí i bó ṣe ṣubú. Ọwọ́ méjèèjì ló fi kí mi.

Wọ́n gbé e lọ sílé, gbogbo ènìyàn sì tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ẹkún. Èmi kò tẹ̀ lé wọn. Mo wọ inú oko. Mo rí ọkọ́ náà lórí ebè níbi tó jù ú sí, omi òjò ń ṣàn lára rẹ̀. Mo gbé e, mo sì lọ fi í sí ẹsẹ̀ ògiri, níbi tí ọmọ náà ṣubú sí. Bí mo bá ní ṣèèṣì ni, irọ́ ni mo tún ń pa. Nígbà tí Àkànjí dé, ó wo ọkọ́, ó wo ẹrẹ̀ tó wà lára bàtà mi. Ó ní, "Mùsé, ẹ gbọ́n." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí tó fi kú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, mo jókòó sí rédíò, mo fi ohùn kan náà tí mo fi ń kọ́ yín ní òtítọ́ sọ fún yín pé ọ̀pá náà kò jẹ̀bi, wáyà kò jẹ̀bi. Ọmọ náà ló gbé irin dání wá sí ibi àrá. Ẹ gbà mí gbọ́. Ìjì ṣí òrùlé ilé náà nígbà tó yá, ọ̀pá bá a lọ, kò sì sí ẹni tó béèrè ohunkóhun mọ́.

Ìyá ọmọ náà ló jẹ ìyà irọ́ mi. Ó ti tẹ orí ba nínú poro, kò rí i pé ọmọ náà kò padà. Ó ń sọ fún ẹni tó bá wá kí i pé, "Ó ti ju ọkọ́ náà sílẹ̀. Èmi ni mo ní kó padà mú un. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ni." Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Àna mi, ìwọ lo mọ̀wé. Bí mo bá ti pa ẹnu mi mọ́, ṣé ọmọ mi ì bá wà láàyè?" Mo dojú bolẹ̀, mo ní, "Kádàrá Ọlọ́run ni, Ìyá." Mo fi orúkọ Ọlọ́run bo ara mi. Ó kú pẹ̀lú ìbéèrè yẹn lẹ́nu.

Nígbà tí àìsàn Hàjàrá le, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Bàbá Kíkẹ́, bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mi ò dárí ji ìyá mi rí. Gbogbo oúnjẹ tí mo gbé fún un, inú burúkú ni mo fi gbé e, nítorí ọkọ́ yẹn." Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Mo gbé e mì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti lọ.

Yẹ̀kínì, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi tí mo lè bí i. Ó tẹ́tí títí mo fi parí.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde. Ṣé ẹ rántí bí ìyá mi ṣe ń fi igi hú iṣu bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú? Àwọn ọmọdé ń fi í ṣe ẹlẹ́yà, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín." Ó na ọwọ́, ó fà mí dìde. "Ẹ má bẹ̀ mí. Gbogbo ilẹ̀ yìí ló gbọ́ irọ́ yẹn. Ẹ lọ sọ fún gbogbo ilẹ̀ yìí."

Ilé rédíò kò gbà á. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi dúró níwájú mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tí mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ bá mi sọ ọ́ dé Bago, dé Goubi, àti ọ̀dọ̀ àwọn ará wa tó wà ní òdìkejì ààlà. Bí wọ́n bá wá mú mi nítorí rẹ̀, wọ́n mú arúgbó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń lọ sí líséè, ìmọ̀ tí a fi ń dáàbò bo ènìyàn náà ni mo fi ba orúkọ òkú jẹ́. Ọjọ́ tí àwọn ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbà yín gbọ́ láìbéèrè, ọjọ́ náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ẹnu yín.

Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Tàwàkálítù ni kí ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, níwájú Ọlọ́run tí ó ti lọ bá. Ẹni tó bá sì ti gbọ́ ohùn mi rí, kó gbọ́ ọ báyìí: ọwọ́ Jàríátù ṣófo.