Ẹlẹ́rìí Tí Mo Pààrọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọkọ mi ò mọ̀ ọ́n títí di oṣù tó kọjá. Pásítọ̀ mi ò mọ̀ ọ́n títí di òní. Ó ti pẹ́ lọ́kàn mi, ó sì ti ń jẹ mí bí ikán ṣe ń jẹ igi, láìjẹ́ kí ará ìta rí i. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé wọ́n ti ní kí n wá sọ ọ́ níwájú àwọn ènìyàn, ẹnu mi ò sì gbà á. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí, bóyá ahọ́n mi á tú.

Ọmọ Èkìtì ni mí. Èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Dópẹ̀mú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mo ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ìwádìí kékeré kan ní Ìkẹjà, lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bísíkíìtì àti ọ̀dà. Àwa mẹ́ta péré la wà níbẹ̀. Ọ̀gá wa jẹ́ dókítà obìnrin kan tó ti dàgbà, Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ẹnì kejì ni Múfútáù, ọmọ onílé ní Agége, òun ló ń gé ẹran ara àwọn aláìsàn ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, táá sì tẹ́ ẹ sórí gíláàsì fún àyẹ̀wò. Èmi ni mo ń ṣe àyẹ̀wò náà.

Jẹjẹrẹ ọmú ni Màmá ń wádìí. Àìsàn yẹn ló pa àbúrò wọn obìnrin. Màmá gbà pé pùrótéènì kan wà lára irú jẹjẹrẹ tó ń tètè pa àwọn obìnrin wa. Wọ́n ní tí a bá lè fi hàn pé ó wà níbẹ̀, oògùn kan ti wà lókè òkun tó ń bá irú rẹ̀ jà, ẹnikẹ́ni ò sì ní lè sọ pé kò wúlò fún wa mọ́. Àwọn dókítà ọsibítù tó ń fún wa ní ẹran ara náà ò gbà wọ́n gbọ́. Wọ́n ń sọ lẹ́yìn Màmá pé ọ̀fọ̀ ló ń dà wọ́n láàmú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀, torí inú rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ojú ò lè rí pùrótéènì. Ohun tí a fi ń wá a ni wọ́n ń pè ní áńtíbọ́dì. Èyí tí a lò, láti ara sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti wá, bákan náà ni gbogbo wọn rí, nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n wá. Ó dà bí ajá ọdẹ tó jẹ́ òórùn ọ̀yà nìkan ló mọ̀. Tí a bá kán an sórí ẹran ara, tí pùrótéènì yẹn sì wà níbẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí a bá wá kán oògùn aláwọ̀ tẹ̀ lé e, ojú ibẹ̀ á pọ́n bí omi obì lára aṣọ funfun. Tí kò bá sí níbẹ̀, kò ní pọ́n.

Ṣùgbọ́n tí áńtíbọ́dì bá ti bàjẹ́ náà, kò ní pọ́n. Ìdí nìyí tí a fi máa ń ṣe gíláàsì kan mọ́ ti àwọn aláìsàn, ẹran ara tí a ti mọ̀ dájú pé pùrótéènì náà wà nínú rẹ̀. Ẹlẹ́rìí là ń pè é ní láàbù wa. Tí ẹlẹ́rìí ò bá ti pọ́n, kí a má wulẹ̀ wo èyí tó kù. Iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Áńtíbọ́dì wa pẹ́ kó tó dé. Màmá fúnra wọn ló lọ gbà á ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n gbé kúlà rẹ̀ lé itan bọ̀ bí ẹni gbé ìkókó. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ike tó wà nínú rẹ̀ ò ju àtàǹpàkò lọ. Wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

"Ìwọ ni mo fà á lé lọ́wọ́ o," ni wọ́n wí. "Iná lè lọ, jẹnẹrétọ̀ lè kọ̀, wá ọgbọ́n sí i. Èyí ò gbọdọ̀ gbóná."

Mo ní, "Ẹ má mikàn, mà."

A kọ́kọ́ dán an wò lára ẹlẹ́rìí. Ó pọ́n, ó pọ́n dáadáa. Múfútáù ní, "Àlùhámúdúlílàhì!" Màmá sì ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀ kan, Múfútáù ti lọ kírun, ibẹ̀ ló sì ti máa gba ilé lọ, Màmá sì wà ní ọsibítù. Mo yọ áńtíbọ́dì náà kúrò nínú fíríísà kí ó lè yọ́, kí n pín in sí kéékèèké. Ibẹ̀ ni mo wà tí fóònù mi dún. Ọmọkùnrin kan tó ń ta fóònù ní Computer Village ni.

"Ántí, fóònù yẹn ti dé o. Kọ́sítọ́mà kan dúró tì mí báyìí. Tẹ́ ẹ bá pẹ́, màá tà á fún un."

N kò ní parọ́ fún yín. Fóònù ọwọ́ mi ò bàjẹ́. Ó kàn ń wù mí ni. Mo gbé ike yẹn lé orí ààrò oníná kékeré tí a fi ń mú gíláàsì gbẹ, kí n lè rí ọwọ́ fi ti báàgì mi. Mo jáde. Mo lọ sí Òtígbà, níbi tí Computer Village wà, mo ná ọjà títí, mo ra fóònù, inú mi dùn débi pé ilé ni mo gbà lọ tààrà.

Iná tí a máa ń gbàdúrà kí ó wá, kò lọ rárá láti Jímọ̀ yẹn di ọjọ́ Ajé. Ààrò náà sì wà ní títàn.

Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀ láàárọ̀ Ajé. Nígbà tí mo mú ike náà, ó gbóná bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Mo dá a padà sínú fíríísà, mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí. Ká ní mo sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, Màmá ì bá bínú, wọ́n tiẹ̀ lè lé mi, ṣùgbọ́n àṣìṣe ni ì bá jẹ́. Ẹnikẹ́ni lè ṣe àṣìṣe. Mo ń tan ara mi jẹ pé bóyá kò bàjẹ́ tán, bóyá Ọlọ́run á ṣe é.

Ọjọ́ tí a máa ṣe ti àwọn obìnrin náà pé. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ bó ti yẹ. Nígbà tí mo fi ojú sí máíkírósíkóòpù, ẹlẹ́rìí ni mo kọ́kọ́ wò. Kò pọ́n. Kò pọ́n rárá, bí ẹni pé omi lásán ni mo kán sí i.

Bí mo ṣe ń wò ó ni mo gbọ́ ohùn Màmá ní ẹnu ọ̀nà. Wọ́n mú ọ̀kan nínú àwọn dókítà ọsibítù yẹn lọ́wọ́, pé kí ó wá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Mi ò mọ ohun tó wọ̀ mí. Mo ṣí àpótí tí a ń kó gíláàsì ìdánwò sí, mo mú ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ yẹn, èyí tó pọ́n dáadáa nígbà tí áńtíbọ́dì ṣì dára. Mo fi sípírítì nu àmì ara rẹ̀, mo kọ àmì tuntun sí i. Èyí tí kò pọ́n, àpò aṣọ iṣẹ́ mi ni mo jù ú sí.

Màmá jókòó. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n kọ́kọ́ wò, torí ẹni tó mọṣẹ́ ni wọ́n.

"Ẹlẹ́rìí dára," ni wọ́n wí.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ti àwọn obìnrin náà níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń yọ ọ̀kan, wọ́n ń fi òmíràn sí i. Kò sí èyí tó pọ́n. Wọ́n gbójú sókè wò mí.

"Ṣé áńtíbọ́dì yẹn ò gbóná?"

"Rárá o, mà."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà."

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún. Wọ́n yíjú sí dókítà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ní, "Kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo ṣì í." Ọkùnrin náà gbá wọn léjìká pẹ̀lẹ́. Ì bá sàn kí ó fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Múfútáù bá mi ní ìdí omi lẹ́yìn náà. Ó ní, "Ọmọ Èkìtì, gbogbo rẹ̀ pátá? Ẹyọ kan péré ò pọ́n?" Mo lejú mọ́ ọn. Mo ní, "Ṣé o fẹ́ sọ pé mi ò mọṣẹ́ ni?" Ó ní kí n má bínú. Ó bẹ̀ mí, ẹ gbọ́. Òun ló bẹ̀ mí.

Ohun tó kù nínú ike náà ò tó tún un ṣe. Màmá ò sì fi àbájáde náà pamọ́. Wọ́n dìde níwájú àwọn dókítà ọsibítù, wọ́n ní ohun tí àwọn gbà gbọ́ kì í ṣe òótọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ pùrótéènì yẹn mọ́ níbẹ̀. Láàbù wa kógbá sílé. Múfútáù padà sí Agége, ó ń bá bàbá rẹ̀ bójú tó àwọn ayálégbé.

Èmi ni nǹkan ṣẹnuure fún. Màmá pe ọ̀rẹ́ wọn kan ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun mímu, pé kí wọ́n gbà mí sí láàbù wọn. Ìṣetí mi ni wọ́n ṣe sọ ọ́: "Olóòótọ́ ni ọmọ yìí. Ó mọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́, ohun tó rí ló sọ fún mi." Iṣẹ́ yẹn ni mo ń ṣe títí di òní. Òun ni mo fi ń jẹun.

Ní oṣù tó kọjá, Màmá ránṣẹ́ pè mí sí ilé wọn ní Agége. Wọ́n fẹ́ kí n bá wọn kó àwọn ẹran ara yẹn lọ síbi tí wọ́n ti ń sun irú rẹ̀. Inú ìda ni a máa ń fi wọ́n sí, wọn kì í tètè bàjẹ́, Màmá sì ti kó wọn sí yàrá ẹ̀yìn láti ìgbà tí láàbù ti kógbá sílé. Wọ́n ní àwọn ti dàgbà, àwọn ò fẹ́ kí ẹlòmíràn wá kó wọn dà sí ààtàn lẹ́yìn àwọn.

Bí a ṣe ń kó wọn, wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n dì í mú sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ti àbúrò mi nìyí," ni wọ́n wí. "Ó wà lára àwọn tí o ṣe. Mi ò sọ fún ọ nígbà yẹn, kí ọwọ́ rẹ má baà gbọ̀n."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Mà, ẹ má jẹ́ ká sun wọ́n." Mo sì sọ ọ́. Mo sọ ti fóònù, mo sọ ti ààrò, mo sọ ti gíláàsì tí mo pààrọ̀.

Mo rò pé wọ́n á gbá mi létí. Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi. Ìbéèrè ni wọ́n bi mí.

"Ẹlẹ́rìí tòótọ́ ńkọ́? Báwo ló ṣe rí?"

"Kò pọ́n, mà."

"Rárá?"

"Rárá, mà."

Wọ́n jókòó lórí àpótí kan. Wọ́n ní, "Ó túmọ̀ sí pé a ò mọ nǹkan kan. Ó lè wà níbẹ̀. Ó lè má sí. A ò tíì mọ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n, wọ́n nawọ́ dá mi dúró. "Èmi nìkan kọ́ lo parọ́ fún. Àwọn obìnrin tó ti wọ ọsibítù yẹn láti ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wò nítorí pé mo ní kò sí níbẹ̀, ta ló máa bá ọ bẹ̀ wọ́n?" Wọ́n ní, "Mo dúró níwájú àwọn dókítà yẹn, mo ní mo ṣì í. Ìwọ náà lọ dúró níbẹ̀, kí o wí tìrẹ. Lẹ́yìn náà, a ó wá áńtíbọ́dì mìíràn."

Mo pe Múfútáù. Ó gbọ́ mi tán, kò bú mi. Ó ní, "Mo mà bẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn," ó sì pa fóònù.

Ọkọ mi ní mi ò gbọdọ̀ lọ. Ó ní wọ́n á gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi, ilé iṣẹ́ wa á sì lé mi. Ó ní, "Ta ló rán ọ níṣẹ́? Òkú ọ̀rọ̀ lo fẹ́ hú." Ó ní tí Màmá bá fẹ́ tún un ṣe, kí wọ́n tún un ṣe ní ìdákẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n máa sọ pé ó fà á tí wọ́n fi fẹ́ tún un ṣe? Ṣé kí wọ́n tún bá mi parọ́ ni?

Màmá ò gbé ìpè mi mọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan péré ni wọ́n fi ránṣẹ́: Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn dókítà náà máa jókòó, wọ́n sì ti bá mi gba àyè.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti sin ẹni tí àìsàn yìí pa. Mi ò mọ̀ bóyá ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Mi ò lè mọ̀ láé, ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, mi ò ní bá yín jà. Mo ti dúró níwájú dígí, mo ti gbìyànjú láti sọ ọ́ bí màá ṣe sọ ọ́ fún àwọn dókítà náà. Mo máa ń kí wọn tán, mo máa ń dárúkọ ara mi, ibẹ̀ ni ohùn mi ti ń pin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí nínú yín, kí ni gbólóhùn tó kàn?