Ọmọ Pẹ́pẹ́yẹ Méje Nínú Páálí

Ẹ má kí mi, Bàbá Tolúwalọpẹ́. Ẹ má wulẹ̀ kí mi rárá! Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kan pẹ́pẹ́yẹ mi? Mo ní ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́? Mo wọkọ̀ ojú omi lánàá, mo lọ kí Morìnsọ́lá ẹ̀gbọ́n mi ní Topo, mo fi ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ lábẹ́ ìyá wọn, mo dé lọ́sàn-án òní, méje ti kú sínú páálí nínú yàrá yín.

Ẹ̀ẹ́n, òtútù. Ẹ ní ọyẹ́ ń mú wọn. Ṣé èmi ò mọ̀ pé ọyẹ́ dé ni, èmi tí ètè mi ń bó yìí? Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni pẹ́pẹ́yẹ yẹn fi sàba nínú ọyẹ́ yìí, tó ń fẹnu já ìyẹ́ àyà ara rẹ̀, tó ń tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹyin, títí àyà rẹ̀ fi pá, ẹ sì ń kọjá lójoojúmọ́, ẹ ń rí i. Òun lẹ wá fẹ́ kọ́ ní ìtọ́jú ọmọ? Àbí torí pé ẹ ti sin adìẹ òyìnbó rí l'Ékìtì? Adìẹ òyìnbó tó jẹ́ pé inú ẹ̀rọ ló ti jáde, tí ò mọ ìyá tí ò mọ bàbá. Tèmi ní ìyá, Bàbá Tolúwalọpẹ́. Ìyá wọn wà níbẹ̀!

Ẹ kó wọn sí páálí, ẹ tan gílóòbù lé wọn lórí. Ìlú wo lẹ rò pé ẹ wà? Ìyàwó yín fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ẹ ò tíì jẹun alẹ́ tán tí wọ́n fi mú iná lọ, pé òun ní kí ẹ dá wọn padà fún ìyá wọn, ẹ ní iná máa dé. Ṣé ó dé? Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Pẹ́pẹ́yẹ tí kì í pariwo, láti ojú títì ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀, tó ń yí ilé ká, tó ń wo abẹ́ gbogbo nǹkan. Ó dùn mí wọra. Ẹ ò sì tíì gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Omi tó kún lọ́dún yìí ti gbá gbogbo pẹ́pẹ́yẹ Morìnsọ́lá lọ, ohun tó gbé mi lọ Topo gan-an nìyẹn, mo jókòó tì í, mo fẹnu ara mi ṣèlérí mẹ́rin nínú àwọn ọmọ yìí fún un, inú rẹ̀ dùn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ẹ̀yin ń wá páálí kiri nígbà yẹn.

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ má tíì bẹ̀ mí. Méjì tó jáde kẹ́yìn látinú ẹyin ńkọ́, tí ẹ ní wọn ò lókun, wọn ò ní yè, tí ẹ fi sílẹ̀ síta fún ìyá wọn? Ẹ yọjú. Ẹ wo ìdí àgbọn yẹn. Àwọn wo ló ń tẹ̀ lé e yẹn? Abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sùn mọ́jú.

Mi ò fẹ́ gbọ́ “ẹ má bínú” kankan. Morìnsọ́lá ló ni méjì yẹn. Tí wọ́n bá ti dàgbà, ẹ̀yin lẹ máa gbé wọn lọ sí Topo, ẹ̀yin lẹ máa fẹnu ara yín sọ fún un ìdí tí wọn ò fi pé mẹ́rin.

Ẹ ní kí ni? Ẹ ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí? Ẹ̀rù omi ń bà yín? Hẹn! Ẹ gbé gílóòbù yín dání, kí òtútù má baà mú yín lójú omi.